Wíwá Ìdí Àléébù Nínú Ètò Ìmútutù Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀

Ètò ìmútutù ni àwọn ohun èlò tí ń gba ooru lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tí wọ́n sì ń tú u dà sínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí epo bá gbaná nínú sílíńdà, ìgbóná rẹ̀ máa ń ju 2,000°C lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni alumíníọ̀mù, tí wọ́n fi ń rọ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, ń yọ́ ní 660°C péré. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tó wà nínú epo ni omi ìmútutù ní láti gbé kúrò. Púpọ̀ nínú ìyókù ń bá èéfín jáde, èyí tó ṣẹ́kù ló ń wa ọkọ̀. Bí omi yìí kò bá yí po bó ṣe yẹ, irin á fẹ̀, á lọ́, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì.

Abẹ́rẹ́ gééjì ìgbóná tó ń gòkè lè jẹ́ ẹ̀bi ìdérí rédíétọ̀ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì lè jẹ́ ẹ̀bi tọ́ọ̀pù sílíńdà tó ti sán. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ létò: láti orí ohun tí ojú lè rí dé orí ohun tó fara sin, àti láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó gba títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Omi ìmútutù ń gba inú àwọn ihò tó wà lára bọ́lọ́ọ̀kì àti tọ́ọ̀pù sílíńdà kọjá. Pọ́ǹpù omi ló ń tì í kiri, bẹ́líìtì ló sì sábà máa ń yí pọ́ǹpù náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, tẹ́mósítáàtì máa ń ti ọ̀nà rédíétọ̀ pa kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Ìda wà nínú tẹ́mósítáàtì yìí; bí ìda náà bá yọ́ tó sì fẹ̀, ní nǹkan bí 82°C sí 95°C gẹ́gẹ́ bí irú ọkọ̀ bá ṣe rí, ọ̀nà á ṣí. Omi gbígbóná á gba họ́ọ̀sì òkè wọ inú rédíétọ̀, atẹ́gùn á gba ooru rẹ̀, omi tó ti rọlẹ̀ á sì gba họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Fáànù ló ń fa atẹ́gùn nígbà tí ọkọ̀ kò bá sáré.

Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ọmọrí lásán. Ó ń há ìfúnpá mọ́ inú ètò náà, nǹkan bí 0.9 sí 1.1 bar lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Àdàlù omi àti kúláǹtì, ìyẹn èròjà olómi tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, ní ìlàjì sí ìlàjì máa ń hó ní nǹkan bí 106°C bí kò bá sí ìfúnpá. Lábẹ́ ìfúnpá bar kan, kò ní hó títí yóò fi dé nǹkan bí 129°C. Kúláǹtì tún ń gba irin lọ́wọ́ ìpẹta.

Ní ọdún 1900, Wilhelm Maybach ní ilẹ̀ Jámánì ṣe rédíétọ̀ oníhò afárá oyin fún ọkọ̀ Mercedes 35 hp. Ọ̀pá kéékèèké 8,070 ló wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ rédíétọ̀ tó tẹ̀ lé e ti mú àpẹẹrẹ. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń lo omi o. Volkswagen Beetle, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tutù. Kò ní rédíétọ̀ omi. Ọkọ̀ tó ń lo omi ni àyẹ̀wò ìsàlẹ̀ yìí wà fún.

Ìgbà tí ọkọ̀ ń gbóná

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ìgbà wo ni ọkọ̀ ń gbóná. Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, àmọ́ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bó bá ti bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn, fáànù rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé eré tí ọkọ̀ ń sá ti fún rédíétọ̀ ní atẹ́gùn tí fáànù kò fún un. Èyí tí kò ṣe nǹkan kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó wá ń gbóná nígbà tó bá ń sáré tàbí tó bá ń gun òkè, omi rẹ̀ ni kò yí po tó: rédíétọ̀ lè ti dí, pọ́ǹpù lè ti jẹ, họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ sì lè máa súnkì bí pọ́ǹpù bá ń fa omi kíkankíkan.

Bí abẹ́rẹ́ bá fò sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n ṣíná sí ọkọ̀, omi lè ti dín, tẹ́mósítáàtì lè ti há ní títì, tàbí kí gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù sílíńdà àti bọ́lọ́ọ̀kì ti jó. Bí ọkọ̀ kò bá móoru rárá, tẹ́mósítáàtì ti há ní ṣíṣí, tàbí kí ẹnì kan ti yọ ọ́ sọnù.

Ààbò àti ohun tí ojú lè rí

Omi inú rédíétọ̀ lè kọjá 100°C láìhó nítorí ìfúnpá. Bí wọ́n bá ṣí ìdérí rẹ̀ lójijì, ìfúnpá á lọ, omi á hó lẹ́sẹ̀kan náà, á sì tú sí ẹni tó ṣí i lójú. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣí i àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, tí họ́ọ̀sì òkè sì ti rọ̀ lábẹ́ ìka. Fáànù oníná lè ṣàdéédéé yí bí wọ́n tilẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀. Májèlé ni ethylene glycol tó wà nínú ọ̀pọ̀ kúláǹtì. Ó dùn lẹ́nu, torí náà kí èyí tó bá dà sílẹ̀ má ṣe wà níbi tí ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn lè dé.

Lẹ́yìn èyí, kí mẹkáníìkì wo bí omi ṣe pọ̀ tó nínú rédíétọ̀ àti nínú ike ìpamọ́ rẹ̀. Omi tó pọ́n bí ìpẹta fi hàn pé omi lásán ni wọ́n ti ń dà sí i. Ọ̀rá tó léfòó lórí rẹ̀ fi hàn pé ọ́ìlì ti ń ráyè wọlé. Bẹ́líìtì tó là tàbí tó dẹ̀ kò lè yí pọ́ǹpù dáadáa. Ó tún yẹ kí wọ́n tan tọ́ṣì sí àárín rédíétọ̀ àti kóńdẹ́ńsà ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níwájú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni eruku àti kòkòrò ti máa ń dí ọ̀nà atẹ́gùn.

Omi tó ń jò

Bí omi bá ń dín lójoojúmọ́, ibì kan ló ń gbà lọ. Ibi tó ti ń jò sábà máa ń ní àbàwọ́n funfun tàbí aláwọ̀ ewé, pàápàá ní ẹnu họ́ọ̀sì àti ní etí ike rédíétọ̀. Lábẹ́ pọ́ǹpù omi, ihò kékeré kan wà tí wọ́n dìídì lu síbẹ̀. Bí omi bá ń kán níbẹ̀, pọ́ǹpù náà ti ń kú lọ. Ilẹ̀ ọkọ̀ tó tutù lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú òórùn dídùn jẹ́ àmì pé rédíétọ̀ kékeré tó ń mú inú ọkọ̀ móoru ló ń jò.

Ohun èlò tó ń fi òtítọ́ hàn níhìn-ín ni pọ́ǹpù ìdánwò ìfúnpá. Wọ́n á dè é mọ́ ẹnu rédíétọ̀ tó ti tutù, wọ́n á fọwọ́ fẹ́ ẹ dé iye tí wọ́n kọ sára ìdérí, wọn kò sì ní kọjá iye náà, wọ́n á wá máa wo gééjì rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí abẹ́rẹ́ bá wálẹ̀ tí ìta sì tutù níbì kan, ibẹ̀ ló ń jò. Bó bá wálẹ̀ tí ìta gbẹ pátápátá, inú sílíńdà tàbí inú ọ́ìlì ni omi ń wọ̀. Pọ́ǹpù kan náà ni wọ́n fi ń dán ìdérí wò: ìdérí tí kò lè di ìfúnpá mú ti kọjá àtúnṣe.

Tẹ́mósítáàtì, fáànù, rédíétọ̀ àti pọ́ǹpù

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tí họ́ọ̀sì òkè gbóná gan-an, tí ti ìsàlẹ̀ ṣì tutù, omi kò kọjá. Tẹ́mósítáàtì tàbí rédíétọ̀ ló lẹ́bi. Láti mọ èyí tó jẹ́, wọ́n á yọ tẹ́mósítáàtì, wọ́n á fi okùn gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi pẹ̀lú ohun tí ń wọn ìgbóná, wọ́n á sì gbé e kaná. Bí kò bá ṣí nígbà tí omi dé iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó ti bàjẹ́.

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fáànù máa ń yí bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ amúlétutù. Bí kò bá yí, fíúùsì àti rìléè ló kàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fa iná wá tààrà láti ara bátìrì sí fáànù: bó bá yí, ó dára, wáyà, rìléè tàbí sẹ́ńsọ̀ ni kí oníná ọkọ̀ lọ wò, bí kò bá yí, mọ́tò fáànù ti jó.

Ohun èlò tí ń wọn ìgbóná láti òkèèrè wúlò fún rédíétọ̀. Bí wọ́n bá yà á kọjá lójú rédíétọ̀, ìgbóná yẹ kó máa dín díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà omi dé ibi tó ń gbà jáde. Ibi tó bá ṣàdéédéé tutù láàárín, ó ti dí. Bí pọ́ǹpù bá ń pariwo, tàbí tí ọ̀pá rẹ̀ ń mì lọ́wọ́, ó fẹ́ pípààrọ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ètò náà lẹ́yìn tí wọ́n da omi sí i tún lè mú kí ọkọ̀ gbóná láìsí ohun tó bàjẹ́. Wọ́n ní láti tú u jáde bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe là á sílẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà

Gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó ni wọ́n ń bẹ̀rù jù, torí pé títú ẹ́ńjìnnì ló ń fà. Àwọn àmì rẹ̀ ni omi tó ń dín láìjò síta, èéfín funfun tó nípọn tí kò dáwọ́ dúró, ìfófòó tó ń hó nínú rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, àti ọ́ìlì tó ti funfun bíi mílíìkì. Àmì kan ṣoṣo kò tó ṣe ẹ̀rí: ìrì díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì lè wá láti ara ọkọ̀ tí kì í rin ọ̀nà jíjìn.

Ẹ̀rí tó dájú ni omi aró tó ń rí èéfín. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ tó wà lókè omi rédíétọ̀ gba inú omi aláwọ̀ búlúù kan kọjá. Bí èéfín ìjóná bá wà níbẹ̀, búlúù náà á di yẹ́lò. Ìdánwò agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà á wá sọ èyí tó ń jò. Bí wọ́n bá ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi rúlà irin wo bóyá ó ti lọ́ kí wọ́n tó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ náà kò ní pẹ́ tí yóò fi bàjẹ́ padà.

Sẹ́ńsọ̀ àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń fi kóòdù pamọ́. P0128 túmọ̀ sí pé omi kò móoru tó, tẹ́mósítáàtì ló sì sábà máa ń fà á. P0217, ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù. P0117 àti P0118, wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ ìgbóná. P0480, ọ̀nà iná fáànù. Ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ni kóòdù ń tọ́ka sí, kì í ṣe ohun tí wọn yóò pààrọ̀. Bí gééjì bá ní ọkọ̀ gbóná, tí ohun èlò tí ń wọn ìgbóná láti òkèèrè sì ní kò gbóná, sẹ́ńsọ̀ ló ń purọ́. Bí omi bá sì ti gbẹ kọjá ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, abẹ́rẹ́ lè wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jó.

Àtúnṣe tí kì í ṣe àtúnṣe

Àṣà kan wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ gáréèjì ní Nàìjíríà: bí ọkọ̀ bá gbóná, wọ́n á yọ tẹ́mósítáàtì sọnù. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in kì í tètè móoru, kọ̀ǹpútà á máa fún un ní epo púpọ̀, irin inú rẹ̀ á sì máa tètè jẹ. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan, omi á tilẹ̀ ya gba ọ̀nà àbùjá láìdé rédíétọ̀, ọkọ̀ á sì tún gbóná jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Omi kànga àti omi bọ̀hóòlù ní iyọ̀ ilẹ̀ tí ń lẹ̀ mọ́ inú rédíétọ̀. Oògùn ìdíhò lè dí ihò tó ń jò, ó sì lè dí ọ̀nà omi pẹ̀lú. Àwọ̀ kúláǹtì kò fi irú rẹ̀ hàn. Irú tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ ni kí wọ́n rà.

Awakọ̀ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń gòkè gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì ní sùúrù títí yóò fi tutù. Kí ó má ṣe da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń gbóná, torí irin lè sán. Kí mẹkáníìkì má sì pààrọ̀ ohunkóhun láìjẹ́ pé ìdánwò ti fi hàn pé ohun náà ló bàjẹ́.