Orúkọ Tí Kò Ní Ṣi Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́nà

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé bí ibà ṣe ń mú ènìyàn, kò ní pẹ́ tí yóò fi sọ pé kòkòrò kan ló gbé kòkòrò mìíràn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọn, kòkòrò ni. Ohun tó wà nínú itọ́ ẹ̀fọn, kòkòrò náà ni. Kí ló fa ikọ́ ife? Kòkòrò. Kí ló fa àrùn kòrónà? Kòkòrò yìí kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ru gbogbo ẹrù yìí, ẹrù náà sì ti pọ̀ jù fún un.

Ẹ̀fọn ní ẹsẹ̀ mẹ́fà àti ìyẹ́ tó fi ń fò. Bakitéríà tó ń fa ikọ́ ife jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan péré, ó ń jẹun, ó sì ń pín ara rẹ̀ sí méjì. Fáírọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì. Àfi tó bá ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì ohun abẹ̀mí kó tó lè pọ̀ sí i. Ìyàtọ̀ yìí ti inú ìwé bọ́ sí ìgboro. Oògùn tí à ń pè ní apakòkòrò, bakitéríà ló ń pa, kò sì rí fáírọ́ọ̀sì gbé ṣe. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fa ọ̀fìnkìn, síbẹ̀ ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú á gba ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì lọ, á ra kápúsù pupa-àti-yẹ́lò, torí wọ́n ní ó ń pa kòkòrò. Orúkọ oògùn ló tàn án. Bí a bá sì ń lò ó níbi tí kò yẹ, bakitéríà tí oògùn náà kò ká ló ń ṣẹ́ kù, òun ló sì ń bí sí i.

Èrò tèmi ni pé kí a dá kòkòrò padà fún ẹ̀fọn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí a gba bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò tó ti di onílé, kí apakòkòrò sì di apabakitéríà. Ní ti ohun tó ń fa ibà, a ti ní orúkọ nílé: àfòmọ́. Àgbẹ̀ tó ní oko kòkó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ló bá tan. Ara igi tó gbé e ló ti ń rí oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohun tó ń fa ibà ṣe ń jẹ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Àfòmọ́ ibà: ọmọ tó bá gbọ́ orúkọ yìí ti gba ìdajì ẹ̀kọ́.

Kò sí ohun ìtìjú nínú kí a yá ọ̀rọ̀. Ní 1984 ni Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ ìperí tí onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Lónìí, ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe ń bá sílébù àti fóníìmù gbé nínú kíláàsì kan náà, wọn ò jà.

Ibi tó le jù ni ọ̀rọ̀ ìran àti ẹ̀jẹ̀. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ọmọ ń jogún, ó sì ní orúkọ méjì nílé. Arọmọléegun sọ ibi tó ń dun aláìsàn. Fòníkú-fọ̀ladìde sọ bí àìsàn náà ṣe ń wá tó ń lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ wọ́n nù. Ohun tí maikirosíkóòpù fi hàn ló ń wá orúkọ tirẹ̀: sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí roboto ló tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì onídòjé bá a mu.

Jíìnì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń pè é ní àbùdá. Àbùdá ni ohun tó hàn lára ènìyàn. Jíìnì ni ìlànà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Nínú jíìnì tó ń darí hẹmoglóbíìnì, lẹ́tà A kan ṣoṣo ló di T, ìyẹn ló ń bí sẹ́ẹ̀lì onídòjé. Ẹni tó jẹ́ AS ní jíìnì náà, ṣùgbọ́n kò ní àìsàn náà. Bí àbùdá bá dúró fún méjèèjì, báwo la ó ṣe sọ gbólóhùn yìí fún ọ̀dọ́ méjì tó fẹ́ fẹ́ra wọn? A ti ń béèrè jẹ́nótáìpù lẹ́nu ọ̀nà ìgbéyàwó. Jíìnì kò ṣàjèjì mọ́.

Ní ìparí 2023, Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tó ń lo CRISPR, ìyẹn ọgbọ́n tí a fi ń gé jíìnì, fún àrùn sẹ́ẹ̀lì onídòjé. Ó rọrùn láti pè é ní àtúnṣe jíìnì, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe. Wọn á gba sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọn á gé ibì kan lára jíìnì BCL11A, èyí tó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ hẹmoglóbíìnì ọmọ inú oyún, wọn á sì dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sí i lára. Hẹmoglóbíìnì ìgbà oyún yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò sì ní jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀. Jíìnì onídòjé wà níbẹ̀ bó ṣe wà, aláìsàn náà ṣì lè fi ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ. Ẹni tí a bá sọ fún pé a ti tún jíìnì rẹ̀ ṣe lè rò pé kò sí ìdí láti yẹ ẹ̀jẹ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wò. Àtúntò jíìnì ni kí a pè é.

Láti 1970 ni onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, títí kan sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbẹ́yìn. Nítorí náà, èdè wa tó iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹ̀kọ́ ohun abẹ̀mí àti ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ẹ jọ jókòó. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tuntun kankan, ẹ bi í léèrè bóyá ó lè ya ohun méjì tó jọra sọ́tọ̀. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ wá òmíràn.