Afárá Onígi ti Giverny
Afárá tó tẹ̀ bí ọrun lórí adágún omi inú ọgbà Claude Monet, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní Giverny. Ọdún 1893 ló ra ilẹ̀ tó gbẹ́ adágún náà sí. Inú àwòrán àwọn ará Japan ló ti rí irú afárá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò kùn ún ní pupa bíi tiwọn. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló fẹ́, ó sì gbọ́n níbẹ̀, nítorí afárá náà bá igi àyíká rẹ̀ mu rẹ́gí. Ní 1899 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya afárá náà léraléra, pẹ̀lú òṣíbàtà tó tẹ́ sójú omi. Nígbà tó yá, ó ṣe àtíbàbà sórí afárá náà fún ìtàkùn wisteria. Igi afárá àkọ́kọ́ náà jẹrà. Wọ́n tún un kọ́ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ọgbà náà ṣí fún aráàlú ní 1980.