Àánú àti Ìfura: Ìtàn Ológbò Nínú Agbo Ilé ní Ìwó

Bí a bá dárúkọ Ìwó, ẹyẹ odídẹrẹ́ ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, nítorí òun ni a fi ń ki ìlú náà àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá mìíràn wà tí ó ti bá àwọn ará Ìwó gbé pẹ́ títí, tí òkìkí rẹ̀ kò kàn tó ti odídẹrẹ́. Ológbò ni ẹ̀dá náà. Ó ń sùn lẹ́bàá àrò, ó ń ṣọ́ àká àgbàdo, ó sì ń bímọ sí orí àjà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ baálé. Bí ó ti sún mọ́ni tó yìí náà, ọwọ́ méjì ni a fi ń mú un. Ọmọ ológbò tí a gbé nínú kòtò lẹ́yìn òjò lè di àyànfẹ́ àwọn ọmọdé nínú ilé kan, kí wọ́n sì máa fi òkò lé èkejì rẹ̀ ní agbo ilé tí ó wà ní ìdojúkọ. Kí ni ó fà á tí ẹ̀dá kan ṣoṣo fi ń rí àánú níhìn-ín, tí ó sì ń rí ìkà lọ́hùn-ún? Ìtàn nìkan ni ó lè dáhùn ìbéèrè náà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ológbò ti mọ ilé ènìyàn. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí egungun ológbò kan tí a sin sí ẹ̀gbẹ́ egungun ènìyàn ní erékùṣù Cyprus, ní ibi tí ó ti wà fún nǹkan bí 9,500 ọdún. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé ológbò igbó ti ìhà Àríwá Áfíríkà àti ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn tí ó sún mọ́ ọn ni baba ńlá gbogbo ológbò ilé. Kì í ṣe pé ènìyàn wọ igbó lọ láti mú un bí a ti ń mú ẹran ọdẹ. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọkà, tí wọ́n sì ń kó o pamọ́, eku tọ ọkà wá. Nígbà tí eku dé, ológbò tọ eku wá. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn wọlé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ tí a ń pè é ju ẹyọ kan lọ. Àwọn kan ń pè é ní ológbò, àwọn mìíràn ń pè é ní ológìnní, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan sì ń pè é ní músù, orúkọ tí ó bá ti àwọn Haúsá tan. Ohun tí àwọn baba wa rí lára rẹ̀ kò farasin nínú òwe: bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Nínú agbo ilé ńlá, tí iyàrá tẹ̀ lé iyàrá, tí a so àgbàdo rọ̀ sókè àrò, tí èlùbọ́ wà nínú agbọ̀n, tí aṣọ sì kún inú àpótí, àdánù tí èkúté lè ṣe ní òru kan kò kéré. Ilé tí ó bá ní abo ológbò kì í sì í dá àǹfààní rẹ̀ jẹ. Bí ó bá ti bímọ, àwọn aládùúgbò a wá bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ kan. Wọn a gbé e sínú àpò tàbí agbọ̀n tí a bò lójú, kí ó má baà mọ ọ̀nà padà sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ológbò di okùn kékeré tí ó so ilé mọ́ ilé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé nítorí eku nìkan ni a ṣe ń tọ́jú ológbò ní Ìwó kò tí ì sọ gbogbo ìtàn. Ìlú tí ìmọ̀ Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ṣáájú ìjọba àwọn Òyìnbó ni Ìwó. Oluwo Mọ́mọ́dù Lámúyẹ, tí ó jọba láti nǹkan bí ọdún 1858 títí di ọdún 1906, jẹ́ Mùsùlùmí, orúkọ Ìwó sì wà lára àwọn ìlú Yorùbá tí a ti ń fi òfin Ṣàríà dájọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìlànà Imam Malik ni àwọn àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé jù lọ. Nínú ìwé Muwatta ti Imam náà, ẹni tí ó kú ní ọdún 795, ìtàn kan wà nípa Abu Qatada, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bu omi àlùwàlá fún un. Ológbò kan wá, ó fẹ́ mu nínú rẹ̀. Baba náà tẹ ìkòkò fún un títí ó fi mu tẹ́rùn. Nígbà tí ó rí i pé ẹnu ń ya obìnrin náà, ó ṣàlàyé fún un pé Ànábì ti sọ pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, ara àwọn tí ń rìn wọlé rìn jáde láàárín ènìyàn ni.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Kò pe ológbò ní irinṣẹ́ tí a fi ń pa eku. Ó kà á mọ́ àwọn ará ilé. Orúkọ Abu Hurayra náà kò ṣàjèjì sí ọmọ ilé kéú, nítorí ọ̀pọ̀ hadísì ni ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni baba ọmọ ológbò. Nígbà tí ó wà ní kékeré tí ó ń da ẹran fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ní ọmọ ológbò kan tí ó máa ń bá ṣeré ní ọ̀sán, ìdí èyí sì ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Hadísì mìíràn sọ nípa obìnrin kan tí ó ti ológbò mọ́lé, tí kò fún un ní oúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kí ó lọ wá nǹkan jẹ, títí ó fi kú. Ìyà iná ni èrè obìnrin náà. Ìtàn Muezza, ológbò tí àwọn kan ń sọ pé ó sùn sí apá aṣọ Ànábì, kò sí nínú àwọn ìwé hadísì àtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà níbẹ̀ ti tó ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ náà di iṣẹ́ ní ìlú Kairo, níbi tí Sultan Baybars, ẹni tí ó kú ní ọdún 1277, ti fi ọgbà kan sílẹ̀ kí a lè máa fi owó rẹ̀ bọ́ àwọn ológbò tí kò ní olúwa. Ìgbà tí ó fi di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọgbà náà kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gbé oúnjẹ fún ológbò ní àgbàlá ilé ẹjọ́ kádì.

Níbo, nígbà náà, ni ìfura ti wá? Òru ni ológbò ń rìn, ojú rẹ̀ ń tàn nínú òkùnkùn, igbe rẹ̀ sì lè jọ ẹkún ọmọ ìkókó. Ẹni tí ó bá gbọ́ igbe náà ní ọ̀gànjọ́, tí àìsàn sì wà nínú ilé rẹ̀, kì í pẹ́ kí ó tó rántí òwe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Irú ìrònú yìí ti ṣekú pa ọ̀pọ̀ ológbò tí kò ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú ológbò ń tàn nítorí pé awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí. Igbe òru rẹ̀ sì jẹ́ ti abo tí ń wá akọ tàbí ti akọ méjì tí ń jà. Ìfura yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní ọdún 1233, Póòpù Gregory Kẹsàn-án kọ ìwé kan nípa àwọn tí wọ́n ní ń bọ èṣù ní ilẹ̀ Jámánì, ológbò dúdú sì wà lára ohun tí ó dárúkọ nínú ààtò wọn.

Bí ayé ti ń yí, iṣẹ́ ológbò ń pọ̀ sí i. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì gba àgbègbè Ìwó kọjá. Níbi tí àpò kòkó àti èkùrọ́ bá pọ̀ sí, eku a pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Wàhálà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú náà kọ́. Ní ọdún 1969, a rí àìsàn mìíràn ní ìlú Lassa, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Borno. Eku ilé ni ó ń gbé e. Ológbò nìkan kò tó láti dí ọ̀nà irú àrùn bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí a máa bo oúnjẹ, kí a sì gbá àyíká. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa ológbò nítorí ìfura ti lé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá eku jáde nílé.

Àwọn kan rò pé àṣà Òyìnbó ni kí a máa gba ẹranko tí ó sọnù là. Òótọ́ ni pé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a ti dá ẹgbẹ́ tí ń gbèjà ẹranko sílẹ̀ ní ọdún 1824, àti pé Wilberforce, ẹni tí ó bá òwò ẹrú jà, wà lára wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun ojú omi gba ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther là kúrò lóko ẹrú. Ní oṣù keje ọdún náà gan-an ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àkọ́kọ́ tí ó dá ìkà sí màlúù àti ẹṣin lẹ́kun. Ilé tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1860 fún ajá tí ó sọnù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ológbò ní ọdún 1883. Ṣùgbọ́n ọgbà Baybars ti ṣáájú ilé náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà. Òfin Ìwà Ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà náà kò dákẹ́: abala 495 sọ pé ẹni tí ó bá fìyà jẹ ẹranko lè lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kí ó san àádọ́ta náírà, owó tí kò tó ra búrẹ́dì kan lónìí.

Ó kù kí a wo ohun tí ó yẹ nínú ilé tí èrò pọ̀ sí. Ọmọ ológbò kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí ìyá náà bá wà láàyè. Wàrà màlúù kò bá ọ̀pọ̀ ológbò lára mu. Omi tútù àti ẹja tàbí ẹran ni ó yẹ ẹ́. Kí àgbàlagbà gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí oníṣègùn ẹran sì ṣe ohun tí kò ní jẹ́ kí ó máa bímọ tí a óò kó dà sí ààtàn. Kí a kọ́ àwọn ọmọdé pé a kì í fa ìrù rẹ̀, kí wọ́n sì máa fọ ọwọ́ lẹ́yìn eré. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ọmọdé ni yóò rántí oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́, àgbà ni yóò sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbé òkò.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé ọmọ ológbò wọ agbo ilé ní Ìwó lónìí kò ṣe ohun àjèjì. Ohun tí àwọn alágbàṣe oko mọ̀ nípa àǹfààní rẹ̀ ni ó ń ṣe, ohun tí àwọn àlùfáà kà nípa àánú sì ni. Ìfura ni kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ẹ̀dá tí ó ti ń wọlé tí ó sì ń jáde láàárín ènìyàn láti ẹgbẹ̀rún ọdún wá, ó ti tó ẹni tí a ń kà mọ́ ará ilé.