Bọ́tìnì tó pòórá ní 2011
Oṣù kẹrin ọdún 2011 ni GNOME, ojú tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux ń lò, yí padà. GTK 3, irinṣẹ́ tuntun tí wọ́n fi ń ṣe bọ́tìnì àti fèrèsé, ni wọ́n fi kọ́ GNOME 3. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gbé fèrèsé pamọ́ fúngbà díẹ̀ sì pòórá. Ọwọ́ àwọn èèyàn ti mọ́ ọn! Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ gan-an bínú lọ sí Xfce. Lójú tiwa, ó jàre.

Kóòdù GNOME 2 wà fún gbogbo ayé, ni ọmọ Ajẹntínà kan bá gbé e, ó tún un ṣe, ó sọ ọ́ ní MATE, orúkọ ewé tí wọ́n ń mu níbẹ̀ bíi tíì. Ṣùgbọ́n GTK 2 ti ń gbó. Ní 2017, MATE náà kó bọ́ sórí GTK 3 pátápátá, tòun ti bọ́tìnì ọ̀hún.