Ebè Kíkọ àti Ìrora Ẹ̀yìn ní Adó-Èkìtì

Láti Adó-Èkìtì dé Ìyìn àti Arámọkọ, ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ oko ti ń fa ìrora ẹ̀yìn, èjìká àti orúnkún, ṣùgbọ́n iye àwọn tó ń dà láàmú ṣòro láti kà. Ebè iṣu ló le jù. Ẹni tó ń kọ ọ́ á ya ẹsẹ̀, á tẹ̀ wálẹ̀ láti ìbàdí, á fi ọkọ́ kúkúrú wọ́ erùpẹ̀ jọ lọ́tùn-ún lósì títí ebè yóò fi ga dé orúnkún. Kò ní tíì nàró dáadáa tí yóò fi kọjú sí òmíràn. Nígbà àáró, àwọn ọ̀dọ́kùnrin a máa fi ebè díje. Ẹni tó bá ní ẹ̀yìn ń dun òun di ọ̀lẹ, nítorí náà wọ́n ń pa á mọ́ra. Bí ó bá le tán, wọ́n á fi òrí ra á, wọ́n á mu àgbo, wọ́n á ní làkúrègbé àgbà ni.

Òfin kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1941 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, ẹni tó ní ọ̀gá nìkan ló kà sí òṣìṣẹ́. Òfin 1987 rọ́pò rẹ̀, ti 2010 sì tún tẹ̀ lé e. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NSITF ló ń bójú tó òfin 2010 yìí, agbanisíṣẹ́ sì ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sí i. Ta ni yóò san ti àgbẹ̀ tó dá oko ara rẹ̀?

Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, ti kọ ọ́ lọ́dún 1700 pé bí ènìyàn ṣe ń tẹ̀ nídìí iṣẹ́ lè ba ara jẹ́. Lọ́dún 1987 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Nordic gbé ìwé ìbéèrè kan jáde láti fi wọn irú ìrora bẹ́ẹ̀ ní apá mẹ́sàn-án ara: ṣé ó dùn ọ́ láàárín oṣù 12, ṣé ó dùn ọ́ láàárín ọjọ́ 7? Ní Èkìtì, àsìkò nìkan tó láti yí èsì ìbéèrè kejì padà. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀ nígbà ebè, ìrora á pọ̀. Nígbà ìkórè àgbàdo, á dín kù. Àwọn Ebira tó ń wá láti ibòmíràn gba iṣẹ́ ebè ṣe tún wà, ọ̀pọ̀ wọn a sì gbé ẹ̀yìn dídùn tiwọn padà sílé. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà á mọ́ ti bọ́ sídìí ọ̀kadà tàbí ọjà. Alágbára tó kù lóko ni olùṣèwádìí ń bá.

Ó yẹ kí wọ́n fi àgbẹ̀ wé ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kì í roko. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Adó, níbi tí tíṣà àti akọ̀wé ìjọba ti ń lọ oko lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n á sì tún gún iyán lálẹ́.