Orúkọ Ajigbèsè Nínú Ìwé Ìdógò: Ohun Tí Ìtàn Kọ́ Wa

Bismillāhi r-Rahmāni r-Rahīm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi orúkọ gbogbo nǹkan mọ Ànábì Ádámà. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, àṣìṣe kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, àṣìṣe ọ̀hún sì kàn mí. Ọkùnrin kan kú nínú jámáà wa ní Ìgándò. Búlọ́ọ̀kù ni ó ń ṣe tà. Lójú sàréè, mo bèèrè bóyá Àlùhájì Abdul-Hameed jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ ta ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì bá wọn pín ogún. Kò pẹ́ sí i ni òṣìṣẹ́ ilé ìyánilówó kan dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́: Lámídì ti fi ẹ̀rọ náà dógò lọ́dọ̀ àwọn, owó kò sì tíì pé. Àdúgbò kan náà ni òṣìṣẹ́ yìí ń gbé. Ó ní òun gbọ́ nígbà tí a kéde ikú Àlùhájì Abdul-Hameed ní mọ́sálásí, òun kò mọ̀ pé Lámídì tòun ni. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ náà ti fi nọ́ńbà olóògbé yẹ ibi tí ìjọba ń kọ ohun ìdógò sí wò kí ó tó sanwó. Kò rí nǹkan kan, nítorí pé ilé ìyánilówó ọ̀hún ṣi ẹyọ nọ́ńbà kan kọ.

Gbèsè ni ó yẹ kí ó ṣáájú ogún. Àwa ti gbé ogún ṣáájú gbèsè. Kí ni ó fà á? Orúkọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 282, tí ó gùn ju gbogbo ẹsẹ Al-Kùránì lọ, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀, kí akọ̀wé ṣe déédéé, kí ajigbèsè fúnra rẹ̀ sì máa pe ohun tí wọn yóò kọ. Ẹ kíyèsí èyí: ajigbèsè ni yóò pè é. Ẹsẹ 283 wá sọ̀rọ̀ ìdógò tí a fi lé ayánilówó lọ́wọ́ nígbà tí a bá wà lórí ìrìn-àjò tí a kò rí akọ̀wé. Ànábì wa (S.A.W.) fi ẹ̀wù irin ogun rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ Yẹ̀húdì kan ní Mọ̀dínà nítorí òṣùwọ̀n sáà 30 ọkà bálì, ibẹ̀ ni ẹ̀wù náà wà tí ó fi jáde láyé. Irú ìdógò yẹn kò ní wàhálà orúkọ púpọ̀, nítorí ẹ̀wù wà lọ́wọ́ ẹni tí ó yáni. Wàhálà dé nígbà tí ohun ìdógò bá dúró lọ́wọ́ ajigbèsè kí ó lè máa fi ṣiṣẹ́ jẹun. Nígbà náà, ohun tí a kọ sínú ìwé ni okùn tí ó so ẹ̀rọ mọ́ gbèsè. Bí a bá ṣì í kọ, okùn já.

Àwọn aṣáájú wa mọ èyí. Ìmámù At-Tahāwī ará Íjíbítì, tí ó kú ní 933, kọ ìwé lórí bí a ti ń kọ ìwé àdéhùn, ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní shurūt. Àṣà irú àwọn akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n kọ orúkọ ènìyàn, ti bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀. Àwọn onímọ̀ hádíísì tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ad-Dāraqutnī, tí ó kú ní 995, kó àwọn orúkọ tí ó jọra lójú ìwé ṣùgbọ́n tí ẹnu ń pè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jọ. Al-Khatīb ará Bàgídáàdì, tí ó kú ní 1071, kọ tirẹ̀ lórí àwọn ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà. Wọn kò fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ òpùrọ́ sí olódodo lẹ́nu. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a gbé gbèsè Lámídì ka Làsísì lórí?

Nílẹ̀ Yorùbá, kí ìwé tó dé, ìwọ̀fà ni àwọn baba wa ń fi ṣe ìdógò: ẹni tí ó yáwó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó títí owó yóò fi pé. Onígbọ̀wọ́ wà níbẹ̀, agboolé sì mọ agboolé. Ojú ni wọ́n fi ń mọ ara wọn, oríkì ni wọ́n fi ń dá ìdílé mọ̀. Orúkọ púpọ̀ kò pa wọ́n lára. Orúkọ ẹ̀sìn wa náà yí padà lẹ́nu wa: Abdul-Hameed di Lámídì, Abdul-Azeez di Làsísì, Muhammad di Mómódù, Abubakr di Bákàrè, Qasim di Kàsúmù. Kò sí èyí tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé òyìnbó dé, kálukú akọ̀wé kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ẹnì kan náà ni Lámídì lórí ìwé ilé-ìwé, òun ni Abdul-Hameed lórí ìwé ìrìnnà tí ó fi lọ sí Mẹ́kà, òun náà ni Bàbá Rúkà ládùúgbò.

Ní 2006, ètò ìkànìyàn ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ta ni yóò fi ojú mọ gbogbo wọn, láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá? Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń ránṣọ, tí wọ́n ń jó irin, kò ní ilé tàbí ilẹ̀ tí wọn yóò fi dógò. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà dá ibi ìforúkọsílẹ̀ ohun ìdógò sílẹ̀ ní 2016. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ó ń delé fún Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní May 30, 2017. Òfin yìí jẹ́ kí a lè fi ohun tí ó ṣeé gbé kiri dógò: ọkọ̀, ẹ̀rọ, ọjà inú ìsọ̀, ẹran ọ̀sìn, irè oko. Ayánilówó yóò kọ ọ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń ṣáájú.

Àwọn tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa ti jìyà orúkọ. Ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ kan fi ẹ̀rọ oko dógò. Terrance ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n Terry, tí ẹnu ń pè é, ni ayánilówó kọ sílẹ̀. Nígbà tí gbèsè wọ àgbẹ̀ náà lọ́rùn, kóòtù dá a ní 2004 pé ìwé náà kò múná dóko, ayánilówó sì pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ohun tí Terry jẹ́ sí Terrance ni Lámídì jẹ́ sí Abdul-Hameed. Wọ́n tún òfin ṣe ní 2010; láti July 2013, orúkọ orí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ń tẹ̀lé.

Nàìjíríà gba ọ̀nà mìíràn. Nọ́ńbà BVN, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ni wọ́n fi ń dá ajigbèsè mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ni. Èyí dára fún ìlú tí Lámídì àti Abdul-Hameed ti jẹ́ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ní oríkì. Bí a bá ṣi orúkọ ènìyàn pè díẹ̀, a ṣì lè mọ ẹni tí à ń wí. Bí ẹyọ kan bá yí nínú nọ́ńbà mọ́kànlá, ó ti di ẹlòmíràn, tàbí kí ó má tilẹ̀ jẹ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mẹ́rin ni mo ní. Èkíní, kí kálukú mú ọ̀nà kan ṣoṣo tí yóò máa gbà kọ orúkọ rẹ̀, kí ó rí i pé BVN, NIN àti ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá ara wọn mu kí ó tó lọ yáwó. Èkejì, kí ajigbèsè má fẹnu lásán pe orúkọ àti nọ́ńbà. Kí ó gbé káàdì kalẹ̀, kí wọ́n wò ó kọ, kí ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sókè kí ó tó fọwọ́ sí i. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta, bí ayánilówó bá ti forúkọ sílẹ̀ tán, kí ó wá a fúnra rẹ̀ bóyá yóò jáde. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́mọ́mù, bí a bá ń bèèrè gbèsè òkú, ẹ jẹ́ kí a pe gbogbo orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣì mí gbọ́ o: ìdógò kò sọ owó èlé di hàláálì.

Ní ti jámáà wa, àwọn ọmọ olóògbé dá owó padà díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kan ti fi ìpín tirẹ̀ san owó ilé-ìwé ọmọ. Àwọn ọmọ ọkọ ni wọ́n bá a dá a. Oṣù méje ni ó gbà kí gbèsè tó tán. Ní gbogbo oṣù méjèèje yẹn, mo ń rántí pé Ànábì wa (S.A.W.) kò kírun sí òkú ajigbèsè kan lára títí Abū Qatādah fi dúró fún gbèsè rẹ̀. Èmi ti kírun sí Lámídì lára, mo pe orúkọ kan ṣoṣo, mo sì rò pé mo ti bèèrè.

Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe wa jìn wá, kí Ó má fi gbèsè sí wa lọ́rùn ríjàdìí sàréè. Àmín. Wassalāmu alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.