Ọ̀tẹ̀ Lórí Àtẹ: Ìwà Ipá àti Ayé Ìrajà Nínú Sinimá Amẹ́ríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Òwe yìí bá ìtàn àwọn sinimá kan mu ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn sinimá tí akọni inú wọn bínú sí ètò owó àti ọjà, tí ó sì dìde láti bà á jẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí irú wọn ti ń jáde. Ìbéèrè méjì ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wò wọ́n bi ara rẹ̀. Ta ni òkò náà bà? Ta ni ó sì ta òkò fún ẹni tó sọ ọ́?

Ní ọdún 1967, Arthur Penn darí Bonnie and Clyde, ìtàn olè méjì tí àwọn agbófinró pa ní ọdún 1934, nígbà tí ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Nínú rẹ̀, àgbẹ̀ kan tí báńkì ti gba ilé rẹ̀ gba ìbọn lọ́wọ́ Clyde, ó sì yìn ín lu pátákó báńkì náà. Ìbínú àgbẹ̀ yìí nídìí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí sinimá náà jáde tí irú fìlà bẹ́rẹ́ẹ̀tì tí Faye Dunaway dé nínú rẹ̀ fi di ọ̀ṣọ́ tí àwọn obìnrin ń wá kiri ní ìsọ̀ aláṣọ. Ọ̀tẹ̀ ti dé orí àtẹ.

Èyí tó sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba jù lọ ni Fight Club, tí David Fincher darí ní ọdún 1999. Inú ìwé ìtàn àròsọ tí Chuck Palahniuk kọ ní ọdún 1996 ni wọ́n ti mú un. Asọ̀tàn inú rẹ̀, tí Edward Norton ṣe, kò lórúkọ. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló ń bá ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ wọn bá ní àbùkù tó ń pa ènìyàn, òun ni yóò ṣírò owó. Bí owó gbà-má-bínú tí wọn yóò san fún ẹbí àwọn òkú bá kéré sí owó tí wọn yóò fi gba ọkọ̀ padà fún àtúnṣe, wọn kò ní gba ọkọ̀ kankan padà. Ẹni tó ń ṣe irú ìṣirò yìí kò rí oorun sùn. Ó ń ra àga, ó ń ra àwo, ó ń yẹ ìwé ìpolówó ọjà IKEA wò lóru, síbẹ̀ oorun kò wá.

Ibẹ̀ ni Tyler Durden, tí Brad Pitt ṣe, ti wọlé. Ọlọ́ṣẹ ni. Lóru, àwọn méjèèjì a máa lọ jí ọ̀rá kó níbi tí ilé ìwòsàn ń da ọ̀rá tí wọ́n bá fà jáde lára àwọn olówó sí. Wọn a fi ṣe ọṣẹ, wọn a sì tà á fún ilé ìtajà ńlá ní 20 dọ́là ẹyọ kan. Ọ̀rá ara àwọn olówó ni wọ́n tún fi owó wọn rà padà. Bí olùkọ́ bá fẹ́ ṣàlàyé ayé ìrajà fún akẹ́kọ̀ọ́, àpẹẹrẹ yìí tó o. Ọjà sọ ara ènìyàn di ohun títà, ó tún tà á fún ẹni tó ni ín.

Ìjà ni àwọn ọkùnrin inú sinimá yìí fi dá ọjà lóhùn. Lábẹ́ ilé ọtí ni wọ́n ti ń lu ara wọn, nítorí ọgbẹ́ nìkan ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ṣì wà láàyè. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ oníjà di ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Wọ́n fá irun orí wọn, wọ́n wọ aṣọ dúdú, wọ́n sọ orúkọ wọn nù, wọn kò sì gbọdọ̀ bèèrè ìbéèrè. Wọ́n sá kúrò lábẹ́ ọ̀gá kan, wọ́n bọ́ sábẹ́ òmíràn. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jáde lọ ba nǹkan jẹ́, ọlọ́pàá yìnbọn pa Bob. Ọ̀rẹ́ asọ̀tàn ni Bob. Inú ẹgbẹ́ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ni wọ́n ti pàdé. Òkú Bob ni wọ́n gbé wálé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ sin ín sínú ọgbà bí ẹni ń bo àṣírí. Òkò ti ba ará ilé. Kódà, Tyler fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹlòmíràn. Inú orí asọ̀tàn ló ti jáde.

Kí ni ọjà wá ṣe sí sinimá tó bú u yìí? Ilé-iṣẹ́ 20th Century Fox ló gbé e jáde. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 63 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 37 péré ló sì pa nínú ilé sinimá Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é sórí DVD ní ọdún 2000 ni ó wá tà gan-an. Fincher fúnra rẹ̀ ti darí ìpolówó ọjà fún ilé-iṣẹ́ bíi Nike kó tó ṣe sinimá yìí.

Ti V for Vendetta, tó jáde ní ọdún 2006, tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọni inú rẹ̀ dé ìbòjú tó ní àwòrán Guy Fawkes, ọ̀kan nínú àwọn tó dìtẹ̀ mọ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1605. Ní ọdún 2011, àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn sí àwọn báńkì ní New York dé irú ìbòjú yìí. Ilé-iṣẹ́ Warner ló ni ẹ̀tọ́ lórí àwòrán náà, ó sì ń gba ìpín tirẹ̀ lórí ìbòjú tí wọ́n bá tà lọ́nà òfin. Ẹni tó jáde láti bú olówó ti kọ́kọ́ sanwó fún olówó.

Joker, tí Todd Phillips darí ní ọdún 2019, tọ ọ̀nà kan náà. Ìjọba ìlú dáwọ́ owó ìtọ́jú Arthur Fleck dúró, kò sì rí oògùn gbà mọ́. Àìsàn àti ìyà pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ títí ó fi di apànìyàn, àwọn ọ̀dọ́ ìlú sì sọ ọ́ di akọni. Sinimá náà pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn afẹ̀hónúhàn kan ní Lẹ́bánónì àti Ṣílè kun ojú wọn bíi tirẹ̀.

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni torí èyí sọ pé irọ́ ni àwọn sinimá yìí ń pa. Báńkì gba ilé àgbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ń fi ẹ̀mí ènìyàn ṣírò owó, ìjọba sì fi aláìsàn sílẹ̀. Òótọ́ tó ń ṣẹlẹ̀ láyé ni. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé òkò pọ̀ nínú wọn, àpérò kò sí. Iná tó ń jó ilé rọrùn láti yà ní àwòrán, ó sì ń tà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó jókòó lálẹ́, tí wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀nà tí wọn yóò gbà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ má bàa fi ẹ̀mí ènìyàn ṣírò owó mọ́, kì í sábà dé ojú sinimá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wo Tyler, tó sì fẹ́ràn rẹ̀, kò jẹ̀bi. Kí ó ṣáà rántí òkú Bob, kí ó sì wo ẹni tó gba owó tíkẹ́ẹ̀tì.